Èyí tí Bólú jẹ àti èyí tí Adúmáradán ń fà símú

Sátidé tó kọjá, mo wà ní kíṣìnì, mò ń ro láfún, orógùn wà lọ́wọ́ mi, ni mo bá gbọ́ igbe Ìyá Sodiq láti pálọ̀ pé "Yéè! Ẹ gbà mí o, ọmọ yìí ti jẹ májèlé!" Mi ò mọ ibi tí mo ju orógùn sí. Kí n tó débẹ̀, Bólú ọmọ mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí bàtà tuntun tí bàbá ẹ̀ rà ní Kútọ̀, ọ̀rá funfun kékeré yẹn tó máa ń wà nínú bàtà, ó ti fi eyín fà á ya, hóró wíńníwínní tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn létè, ó ń rún un bí ẹni ń jẹ gúgúrú.

Ẹ ò rí àwọn ará ilé. Ọ̀kan ti gbé epo pupa dé, ìkejì ń pariwo mílíìkì, mílíìkì, ẹnì kan ní ká ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì í. Mo ní rárá. Mo ní kí wọ́n gbé epo yẹn padà. Mo fi ìka yọ èyí tó kù lábẹ́ ahọ́n ẹ̀, mo fi omi ṣan ẹnu ẹ̀, mo fún un lómi mu, mo jókòó tì í, mò ń wò ó bóyá nǹkan há a lọ́fun. Kò sí nǹkan. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ní ebi ń pa òun. Ìyá Sodiq ń wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ràn ọmọ ẹ̀, mi ò bá a jà, torí ìfẹ́ ló ń ṣe é, wọ́n sì kúkú kọ ọ́ gàdàgbà sára ọ̀rá yẹn pé DO NOT EAT, ẹni tó bá rí i ẹ̀rù á bà á.

Ọ̀rọ̀ epo yẹn, ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, epo pupa kì í ṣe oògùn májèlé. Tí ọmọ bá ń bì tí epo gba ọ̀nà òdì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, wàhálà míì ti dé nìyẹn. Tó bá jẹ́ kẹrosíìnì tàbí oògùn kòkòrò lọmọ mu, ọsibítù ni, kíá, ẹ má dúró wá epo.

Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS níbí l'Abẹ́òkúta, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi balẹ̀. Ohun tó wà nínú ọ̀rá bàtà yẹn, sílíkà jẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ò ju kó máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu kí bàtà má baà bu. Inú hóró kọ̀ọ̀kan kún fún ihò tí ojú ò lè rí, ó lè fa omi tó tó nǹkan bí 40 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹ̀. Ikùn ò lè dà á, á kàn gba ibẹ̀ kọjá, á jáde. Ohun tó léwu níbẹ̀ fọ́mọ kékeré ni pé kó há a lọ́fun. Àwọn kan wà sha tí wọ́n pa láró, tó búlúù bí aró àdìrẹ Itọ́kú, tó bá ti mumi yó á di pupa rẹ́súrẹ́sú, kóbáàtì ni wọ́n sábà ń fi pa ìyẹn láró, ìyẹn ni ẹ má jẹ́ kọ́mọ fẹnu kàn rárá.

Kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ eléyìí.

Ó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́fà lù lọ́jọ́ yẹn kan náà, Adúmáradán wọlé. Àbúrò ọkọ mi ni, wọ́n ti bí i kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ọkọ mi lòun náà nìyẹn, mi ò lè pe orúkọ tí bàbá wọn sọ ọ́, ni mo bá sọ ọ́ ní Adúmáradán, torí àwọ̀ ara ẹ̀ dúdú, ó ń dán bíi kóró iṣin. Iṣẹ́ táìsì ló ń ṣe. Lọ́jọ́ yẹn ẹ ò lè mọ̀ pé ó dúdú rí. Ó funfun látorí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ṣubú sínú àpò láfún, ìpéǹpéjú ẹ̀ funfun, irun imú ẹ̀ funfun, ibi tí òógùn ti ṣàn kọjá lẹ́rẹ̀kẹ́ nìkan ló dúdú, bí ilà tí wọ́n kọ sí i. Bólú pariwo "Bọ̀dá mi dé!" ó fò mọ́ ọn. Òun náà gbé e sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó wá ń fi ọwọ́ kejì gbá ṣòkòtò ẹ̀, pàà, pàà, pàà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, mo rí eruku yẹn nínú ìtànṣán oòrùn, kò bọ́ sílẹ̀, ó kàn dúró sókè, ó ń yí, ó ń dán wíríwírí, orí ọmọ mi wà láàrin ẹ̀.

Ẹnì kankan ò pariwo. Ẹnì kankan ò gbé epo dé. Ìyá Sodiq gan-an ló ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ wa, ẹ kú làálàá."

Oorun ò kùn mí dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Torí ohun kan náà ni! Èyí tí Bólú rún lẹ́nu tí gbogbo ilé fi dàrú, àti èyí tó ń jó nínú oòrùn yẹn, sílíkà ló wà nínú àwọn méjèèjì, sílíkónì kan pẹ̀lú ọ́síjìn méjì, SiO2. Èyí tí ò lè ṣe ọmọ ní nǹkan la gbé epo dìde sí, èyí tó ń pa géńdé ọkùnrin la kí kú iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì. Tí ẹ bá wọn àpáta òun èèpẹ̀ tó bo ilé ayé yìí, nínú 100 kílò, nǹkan bíi 46 jẹ́ ọ́síjìn, nǹkan bíi 28 jẹ́ sílíkónì, bí àwọn méjèèjì bá sì ti pàdé, wọn kì í fẹ́ túká mọ́. Àwa ará Abẹ́òkúta, orí ẹ̀ la kọ́lé sí. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé ní 1830, abẹ́ àpáta gìránáìtì ni wọ́n forí pamọ́ sí, Olúmọ yìí náà. Ẹ lọ wo ojú gìránáìtì dáadáa níbi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ là, àwọ̀ mẹ́ta lẹ máa rí, dúdú kan tó ń kọ mọ̀nà, èyí tó funfun tàbí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, àti èyí tó dà bíi gíláàsì tí èéfín bà. Èyí tó dà bíi gíláàsì yẹn ni quartz, sílíkà pọ́ńbélé. Òjò àti oòrùn á máa lu àpáta, àwọn méjì yòókù á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á di amọ̀, quartz ò ní jẹrà, á kàn já bọ́, ìṣàn omi á gbé e lọ, òun ni yanrìn tí àwọn onítípà ń kó létí Odò Ògùn.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí NEPA bá ti mú iná, a máa ń wá òkúta funfun yẹn méjì, èyí tó mọ́ gaara, a ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ níbi tó ṣókùnkùn biribiri, a ó máa fi ọ̀kan ha èkejì. Iná á máa tàn nínú òkúta! Kì í ṣe iná tó ń jóni, ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú kan ni, á sì máa rùn bí ìgbà tí nǹkan jó. Àwọn àgbà á ní ká má ṣeré àjẹ́. Quartz lèyí náà. Ó le ju ọ̀bẹ lọ. Nínú òṣùwọ̀n líle òkúta tó lọ láti 1 dé 10, 7 ló wà, irin ọ̀bẹ ò ju bíi 5 àbọ̀ lọ, ẹ fi ha ojú gíláàsì, á ha á. Omi ò lè yọ́ ọ. Ásíìdì tí a ní ní láàbù iléèwé ò lè ṣe é ní nǹkan kan, àfi èyí tí wọ́n ń pè ní hydrofluoric, ìyẹn ò sì yẹ kó wọ iléèwé kankan. Iná tó máa yọ́ ọ ń lọ sí nǹkan bíi 1,700 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn tó ń ṣe gíláàsì ló ń pò ó mọ́ sódà àti ẹfun òkúta kó lè tètè yọ́. Aago ọwọ́ yín, bíńtín quartz kan wà nínú ẹ̀ tó ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàrin sẹ́kọ́ńdì kan, òun ni kì í jẹ́ kí aago parọ́.

Mi ò bá òkúta jà o. Ẹ jókòó lórí ẹ̀, ẹ fi lọ ata, ẹ fi pọ́n ọ̀bẹ, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ìgbà tí a bá gé e gbígbẹ, tí a lọ̀ ọ́, tí a lu ihò sí i, ìgbà yẹn ló ń di nǹkan míì.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyí. Nínú quartz, àwọn átọ́ọ̀mù tò gẹ́rẹ́gẹ́ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà láàárọ̀. Nínú jẹ́ẹ̀lì bàtà, wọ́n kàn wà gátagàta bí èrò tó ń du ọkọ̀ ní Páńṣẹ́kẹ́ nígbà tí òjò bá ṣú. Èyí tó tò yẹn ló burú. Ọdún 1997 ni ẹ̀ka jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi eruku ẹ̀ sínú ẹgbẹ́ kìíní, àárín àwọn nǹkan tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó wà gátagàta ò sí níbẹ̀. Èkejì, bó ṣe kéré tó. Irun orí kan nípọn tó bíi 70 máíkírómítà. Eruku tí ẹ ń fojú rí, tó ń lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú Adúmáradán, ó tóbi jù, irun imú á mú un, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á mú un, ẹ ó fun ún dànù. Èyí tó ń wọlé dé ìsàlẹ̀ pátápátá ò ju bíi 4 máíkírómítà lọ, ojú ò rí i, ó lè wà lókè fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti pa gíráńdà, máṣíìnì oníná tí wọ́n fi ń gé táìsì. Ìgbà tí ẹ bá ní "eruku ti lọ sílẹ̀", tí ẹ wá jókòó sínú yàrá yẹn jẹ ìrẹsì ọ̀sán, òun gan-an lẹ ń mí sínú.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti ṣe mí ní háà. Láti 2016, òfin Amẹ́ríkà ní kí eruku yẹn má ju 50 máíkírógíráàmù lọ nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan, tí a bá pín in káàkiri iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Mo jókòó ṣírò ẹ̀ fún yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tí òkè ẹ̀ jẹ́ 10. Gbogbo ẹ̀ ò ju mílígíráàmù méjì. Ẹ mú hóró ìrẹsì kan, ẹ gé e sọ́nà mẹ́wàá, ẹ lọ ẹyọ kan kúnná, ẹ fọ́n ọn sínú yàrá yẹn, ó ti kún nìyẹn. Ẹ wá wo ṣòkòtò Adúmáradán.

Tó bá dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn ọmọ ogun ara tó ń gbá ibẹ̀ mọ́ á gbé e mì, bí wọ́n ṣe ń gbé kòkòrò àìsàn mì. Kòkòrò á dà nínú wọn. Quartz ò ní dà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là sì burú ju èyí tó ti pẹ́ lọ. Á ba inú wọn jẹ́, wọ́n á bẹ́, wọ́n á kú, òkúta á tú jáde, òmíràn á tún wá gbé e mì, òun náà á bẹ́. Bó ṣe ń lọ yìí, ara á máa fi àpá dí ojú ibẹ̀, àpá kì í gba afẹ́fẹ́, ẹ̀dọ̀fóró tó yẹ kó máa fẹ̀ kó máa sún á wá le gbagidi. Silicosis lorúkọ ẹ̀. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ẹlòmíì lè ṣiṣẹ́ ọdún 10, 20, kó tó hàn, ibi tí eruku bá ti pọ̀ gan-an kì í pé ọdún márùn-ún. Kéèyàn fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ gan-an, ó ṣì lè máa burú sí i, torí òkúta tó ti wọlé ò ní jáde.

Bàbá kan wà ládùúgbò tí mo dàgbà sí, òkúta ni wọ́n ń fọ́. Àwọn àti ìyàwó wọn. Wọ́n á kó táyà àtijọ́ sórí àpáta, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́, títí àpáta á fi máa pariwo tá tá tá, á là. (Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo tó mọ̀ pé tí ooru bá dé 573 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ńṣe ni quartz máa ń ṣàdéédéé wú, ó wà lára ohun tó ń fa àpáta ya.) Lẹ́yìn náà, ìyá á jókòó sábẹ́ agboòrùn, wọ́n á fi róbà ká òkúta kó má baà ta, wọ́n á máa fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Bàbá yẹn wúkọ́ títí mo fi jáde SS3. Ikọ́ fée ni wọ́n ní ó jẹ́, wọ́n lo oògùn ẹ̀ pé oṣù mẹ́fà, ikọ́ náà padà, wọ́n tún lò ó. Ọsibítù tí wọ́n ń lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí dòní, torí nínú gbogbo ọdún tí wọ́n fi lọ tí wọ́n fi bọ̀, ẹnì kan ò bi wọ́n pé bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló padà béèrè, ìgbà yẹn wọn ò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́ta láì jókòó sinmi. Ibi tó sì fi burú ni pé òótọ́ ni ikọ́ fée yẹn náà. Ẹni tí sílíkà bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀, ikọ́ fée tètè máa ń ráyè mú un, méjèèjì á jọ máa ṣe é, ẹ ó wá máa wo ọ̀kan, ẹ ó fi èkejì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ará Jámánì kan, Georgius Agricola, ti kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1556 pé àwọn obìnrin wà níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà lórí òkè Carpathian tó ti fẹ́ ọkọ méje, eruku ló pa gbogbo ọkọ. Ọkọ méje! Ní Amẹ́ríkà, 1930 sí 1931, wọ́n lu ihò gba inú òkè kan kọjá ní West Virginia, Hawks Nest lorúkọ ibẹ̀, àpáta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì sílíkà, gbígbẹ ni wọ́n lu ú, àwọn èèyàn dúdú ló pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló kú. Lọ́jọ́ kìíní oṣù keje 2024, Ọsirélíà fòfin de òkúta àtọwọ́dá tí wọ́n ń fi ṣe orí tábìlì kíṣìnì, torí èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ ju 90 nínú 100 lọ ní sílíkà, àwọn ọmọ tí ò tíì pé 40 ọdún ti ń ní àrùn yẹn. Òkúta yẹn sì ti ń wọ kíṣìnì àwọn olówó wa báyìí.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo pe Adúmáradán jókòó. Mo ní "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi." Ó gbọ́ mi tán, ó ní "Ìyàwó wa, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìjàǹbá ò tán lẹ́nu iṣẹ́, mo kúkú ń da aṣọ bo imú, mo sì ń mu mílíìkì tí mo bá ṣíwọ́." Mílíìkì yìí náà! Mo ní mílíìkì ń lọ sí ikùn, eruku ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, wọn ò jọ pàdé níbì kankan. Aṣọ yẹn, àlàfo tó wà láàrin òwú ẹ̀ dà bí ẹnu géètì fún eruku bíńtín yẹn. Èyí tó ń mú un ni ìbòmú tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí lára, ó sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ojú pinpin, irùngbọ̀n ò ní jẹ́ kó lẹ̀.

Mo ní kí wọ́n máa fi omi gé e. Omi ni olórí gbogbo ẹ̀, eruku tó bá ti tutù kì í fò. Ó wò mí, ó ní "Gíráńdà oníná, kí n da omi sí i, iná ńkọ́?" Ó jàre mi níbẹ̀. Gíráńdà tí wọn ò ṣe fún omi, ẹ má da omi sí i, iná á gbé èèyàn. Máṣíìnì tí wọ́n ṣe fún omi wà, ó ní bàsíà omi lábẹ́, owó ẹ̀ ni ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí. Òun fúnra ẹ̀ ló wá rántí pé kátà ọlọ́wọ́ tí wọ́n ń tì, tó ń fa ìlà sójú táìsì, tí wọ́n á wá ṣẹ́ ẹ, wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun, kò sẹ́ni tó ń lò ó torí gíráńdà yá jù. Ìyẹn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní eruku rárá. Gbogbo ibi tó bá gùn gbọọrọ ni wọ́n lè fi ìyẹn gé, kó wá ku kọ̀rọ̀ àti ojú páìpù nìkan fún gíráńdà, kí wọ́n ṣe ìyẹn níta, kí wọ́n kẹ́yìn sí atẹ́gùn, kí ọmọ iṣẹ́ má bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ láti di táìsì mú. Mo ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀, ọ̀pọ̀ eruku tí à ń mí sínú, ìgbálẹ̀ ló tún ń gbé e dìde.

Ó béèrè bóyá sílíkà inú táìsì pọ̀ tó ti òkúta. Mo ní ó lè dé 30 sí 45 nínú 100, gìránáìtì náà ò jìnnà síyẹn, kọ́ńkéré lè jẹ́ 25 kó sì dé 70, mábù gan-an ló kéré, bíi 2 péré. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní kí n má tíì sọ fún ìyá àwọn.

A ti jọ fẹnu kò pé á lọ ya x-ray àyà lóṣù yìí, màá tẹ̀ lé e, màá fẹnu ara mi sọ fún dókítà pé táìsì ló ń gé. Nílé, a ti so okùn kan sẹ́yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ibẹ̀ ló ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí báyìí, á bomi wẹ orí kó tó wọlé, mo sì ń rẹ aṣọ yẹn sómi lọ́tọ̀ kí n tó fọ̀ ọ́, mi ò gbọ̀n ọ́n mọ́. Bólú ò gbà, ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn kó máa ké pé Bọ̀dá, ẹ tètè wẹ̀. Ilé alájà kan ní Aṣẹ̀rò ni wọ́n ń lọ lọ́la, gbogbo bálùwẹ̀ mẹ́rin. Mo ti di ìbòmú méjì sínú àpò ẹ̀, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ọmọ iṣẹ́ tó ń bá a di táìsì mú, ọmọ ọdún 16 ni.